"Èmi Ò Tó Bẹ́ẹ̀": Ìrẹ̀lẹ̀ Ni, Àbí Ẹ̀rù Ló Gbé Aṣọ Ìrẹ̀lẹ̀ Wọ̀?

Kò sí ìjọ kan nílẹ̀ Okun, ìbáà ṣe ní Kàbà, ìbáà ṣe ní Ẹ̀gbẹ̀, ìbáà sì ṣe ní Òkè-Bùkún nílẹ̀ Bùnú, tí irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Olórí ìjọ ti dàgbà, ó fẹ́ simi, tàbí kí wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn àgbà ìjọ jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wọ̀tún wòsì, wọ́n sì nawọ́ sí ọkùnrin kan. Ọkùnrin ọ̀hún kì í ṣe àlejò. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ kùtù, òun ló mọ ilé opó tí kò dáná lánàá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Háà, ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe é. Ta ni mo jẹ́? Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ilé tí mo ti wá, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Èmi ò tó bẹ́ẹ̀."

Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Àwọn kan á tilẹ̀ máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ ò rí ènìyàn Ọlọ́run? Ẹ ò rí onírẹ̀lẹ̀?" Wọ́n á wá lọ mú ẹlòmíràn tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó ní mọ́tò, tí Gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí kò mọ ilé opó kankan. Nígbà tó bá fi máa di ọdún kejì, àga á ti ṣófo nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì máa gbààwẹ̀ pé ọ̀tá ló ń bá ìjọ jà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tọkùnrin nìkan. Ìyá kan wà nínú ìjọ tó jẹ́ pé bó bá gbàdúrà, àwọn tó wà níbẹ̀ á mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́. Ẹ ní kó wá darí ìpàdé àdúrà ọjọ́ Wẹ́sídeè, á ní, "Obìnrin lásán-làsàn ni mí o." Àwọn mìíràn wà tí wọn ò tilẹ̀ kọ̀, wọ́n gba ipò, wọ́n wọ aṣọ oyè, ṣùgbọ́n nínú wọn lọ́hùn-ún wọ́n ṣì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé àwọn ò tó. Àwọn yìí lọ̀rọ̀ wọn léwu jù.

Ẹ wo Sọ́ọ̀lù ọmọ Kíṣì nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ tí gègé mú un láti jọba, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, àṣé àárín ẹrù ló sá pamọ́ sí. Ọkùnrin tó ga ju gbogbo ènìyàn lọ láti èjìká sókè ló ká ara rẹ̀ kò sáàárín àpò àti agbọ̀n! Àwọn oníwàásù máa ń yìn ín fún èyí, wọ́n á ní ó nírẹ̀lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé ipò ló padà bà á jẹ́. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìtàn náà síwájú á rí i pé àìsàn tó gbé e sá sáàárín ẹrù náà ló bá a dé orí ìtẹ́. Ẹ̀rù àwọn ènìyàn ló bà á nígbà tó rúbọ tí kò yẹ kó rú. Ẹ̀rù àwọn ènìyàn kan náà ló ní ó jẹ́ kóun dá àgùntàn Ámálékì sí. Nígbà tí àwọn obìnrin wá kọrin tí wọ́n gbé Dáfídì ga jù ú lọ, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ọ̀kọ̀ ló sì kù tó ń jù mọ́ ọmọ tó ń ta dùùrù fún un. Ẹni tó sọ lánàá pé òun ò tó, òun náà ni kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tó lónìí.

Ṣé irú rẹ̀ ò sí láàárín wa? Ọmọ ìjọ kan lọ sílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó jáde, ó padà wálé, odindi ọdún kan kọjá, wọn ò jẹ́ kó ka ẹ̀kọ́ kìíní, ká má tíì sọ pé kó wàásù. Olùṣọ́ ìjọ ló ń ka ẹ̀kọ́, òun ló ń dá orin, òun ló ń ka owó ọrẹ, kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lápò rẹ̀. Àwọn ènìyàn á ní ìgbéraga ni. Lójú ẹni tó bá sún mọ́ ọn, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀rù ni. Ó ti dá a lójú pé bí ọmọ yẹn bá fi lè yanu, gbogbo ìjọ á mọ ohun tóun ti mọ̀ nípa ara òun láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà ni "èmi ò tó" kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Bí olórí bá gbà á gbọ́, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa san gbèsè rẹ̀.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ẹlòmíràn ló ti jáde kó tó di ohùn inú ẹni. Tíṣà kan ní kíláàsì kẹta ló pe ọmọ ní olódo. Ọmọ náà ti di bàbá ọlọ́mọ márùn-ún, ohùn tíṣà ọ̀hún ṣì ń dún létí rẹ̀ bó bá dúró níwájú ìjọ. Àbúrò bàbá kan ló sọ níbi ìpàdé ẹbí pé, "Nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó jẹ́ nǹkan kan rí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ilẹ̀ Okun pàápàá ní tirẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ń já wọ ilẹ̀ Bùnú, Yàgbà, Ìjùmú àti Kàbà, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ìlú kan sì sá gun orí òkè. Ọdún 1897 ni agbára Bídà tó já lórí ilẹ̀ yìí, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja, tí wọ́n gba Kàbà kọjá lọ bá wọn jà. Ogun tán, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ń sọ fún láti ìran dé ìran pé ẹrù rẹ ni kó o dì, kì í tètè gbà pé òun náà lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ. Ẹ tún fi ti ẹnu kún un. Bí ọmọ Òkè-Bùkún bá dé àpéjọ ìjọ ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, tó sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, àwọn kan á fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣe ẹ̀ẹ̀mejì báyìí, kò ní yanu mọ́. Ẹ ní kó gbàdúrà, á ní ọ̀fun ń dun òun. (Ẹ̀yin ẹlẹ́rìn-ín, ẹ rọra o. Yorùbá inú Bíbélì tẹ́ ẹ fi ń yangàn yẹn, ẹni tó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin rí.)

Ẹni tí à ń sọ ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n tà á látọwọ́ dọ́wọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Lóṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gba ọkọ̀ náà lójú omi, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ló ti kọ́ A, B, D, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi lọ́dún 1825, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà lọ́dún 1843. Àwọn ọmọ Yorùbá ti gbọ́ èyí nílé ìwé. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun kò gbọ́ ni pé ìdàpọ̀ odò Ọya àti Bẹ́núé, lẹ́bàá ilẹ̀ wọn níhìn-ín, ni ọ̀rọ̀ Crowther ti dé góńgó. Ìlú kan wà níbẹ̀ nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Gbebe, ní bèbè ìlà-oòrùn odò, níbi tí Ígálà, Núpé, Haúsá, Ẹbìrà àti Yorùbá ti ń pàdé ṣòwò. Lẹ́yìn ìrìn-àjò ọdún 1857 ni Crowther àti ẹgbẹ́ C.M.S. dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kó dání kì í ṣe òyìnbó. Ènìyàn dúdú ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí tàbí ọmọ irú wọn.

Ọ̀kan nínú wọn ló yẹ kí gbogbo ìjọ nílẹ̀ Okun mọ orúkọ rẹ̀. James Thomas ni. Ní nǹkan bí ọdún 1832, wọ́n jí ọkùnrin yìí gbé ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ikudon, ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, tí kò jìnnà sí ìdàpọ̀ odò náà. Òun náà dé Sàró, ibẹ̀ ló ti di Kristẹni, ó sì lo ọdún 25 níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọdún 25! Ẹni tó bá lo iye ọdún yẹn níbì kan ti nílé, ó ti ní ojúlùmọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a wí bó bá ní ibẹ̀ lòun máa kú sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá àwọn tó máa bá Crowther lọ, Thomas fi orúkọ sílẹ̀. Láti ọdún 1858 títí di 1879 ló fi ṣiṣẹ́ ní Gbebe àti Lọ́kọ́ja. Ó tún ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, èyí tó kọ lọ́dún 1858 sí 1859 ṣì wà títí dòní, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń kà á láti mọ bí Gbebe ṣe rí.

Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ẹrú ṣe rí lágbègbè yìí ló máa mọ ohun tí èyí jẹ́. Èébú wo ló tún ju "ọmọ ẹrú" lọ? Bí àríyànjiyàn ilẹ̀ tàbí oyè bá dé títí di òní, ohun tí àwọn kan máa ń fà yọ gbẹ̀yìn nìyẹn láti pa ẹnu ọmọnìkejì dé. Thomas sì padà sí àgbègbè tí wọ́n ti jí i gbé, lásìkò tí òwò ẹrú kò tíì tán lórí odò ọ̀hún, ó dúró lójú gbogbo ayé, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ tóun fẹ́ sọ fún ọba àti fún ìjòyè. Bó bá ní "èmi ò tó," ta ló máa jiyàn? Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Lọ́dún 1862, Crowther ṣe ìrìbọmi fún àwọn àkọ́so ìjọ ní Gbebe, àgbàlagbà mẹ́jọ àti ọmọdé kan. Iye yẹn kéré lójú ẹni tó ń ka orí ní pápá ìṣeré lónìí. Nígbà tí ogun wá fọ́ Gbebe ní nǹkan bí ọdún 1866, iṣẹ́ náà kò bá a parẹ́, wọ́n gbé e kọjá sí Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Crowther fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀rù, ẹ gbọ́ ná. Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé àgbà C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ fún un pé òun fẹ́ kó di bíṣọ́ọ̀bù, ó kọ̀. Ó ní òun ò yẹ. Ó sì mọ ohun tó ń sọ, nítorí àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan wà tó ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò ní sìn lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Henry Townsend tó wà ní Abẹ́òkúta ló léwájú wọn. Venn bẹ̀ ẹ́ bí bàbá ṣe ń bẹ ọmọ. Crowther gbà. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gbà á lójú omi ní 1822 wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó ti darúgbó. Obìnrin tó kọ́ ọ ní A, B, D ní Sàró náà wà níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ ẹ̀kọ́ níbi yìí ni pé kò sí ibi tí ìtàn ti sọ pé ẹ̀rù Crowther kọ́kọ́ tán kó tó gbà. Ó gbà pẹ̀lú ẹ̀rù náà. Lọ́dún 1884, ogún ọdún lẹ́yìn náà, Bíbélì Yorùbá jáde lódindi.

Ìtàn yìí kò parí síbi tó dùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi apá tó korò pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Venn kú lọ́dún 1873. Lẹ́yìn ọdún 1885, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan dé sórí odò Ọya, onítara ni wọ́n, wọ́n kàwé dáadáa, wọ́n sì wo àwọn òṣìṣẹ́ Crowther pẹ̀lú ojú tó burú. Ká sọ tòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ìwà wọn kò dára, Crowther sì ti darúgbó, ilẹ̀ tó ń bójú tó gùn ju ohun tí ẹnìkan lè máa bẹ̀ wò déédéé lọ. Ó yẹ kí wọ́n bá àwọn tó ṣẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ni wọ́n ṣe. Láti inú ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn díẹ̀, wọ́n yọ ìdájọ́ kan jáde fún gbogbo aláwọ̀ dúdú, pé wọn ò tíì tó aṣáájú. Lọ́dún 1890, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ kan, wọ́n yẹ̀yẹ́ àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún yìí débi pé ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, igbákejì ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips gba oyè náà lọ́dún 1893, James Johnson gbà á lọ́dún 1900. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, oníṣẹ́ takuntakun ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ igbákejì ni wọ́n wà. Ọdún 1952 ni A. B. Akínyẹlé tó di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn tó ní àgbègbè tirẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 61 lẹ́yìn ikú Crowther! Ṣé kò sẹ́ni tó tó láàárín ọdún 61? Ó wà. Àwọn kan kò tilẹ̀ gbà láti dúró de ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Ní agbègbè ẹnu odò Ọya, Dandeson, ọmọ Crowther, àtàwọn ìjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní 1892 sọ pé àwọn á máa bọ́ ara wọn, àwọn á máa darí ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gbọ́ "ẹ ò tíì tó" tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí orin. Bàbá sọ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ. Nígbà tí òyìnbó wá kó ẹrù rẹ̀ lọ, orin náà ò bá a lọ. Ọkùnrin tó ń mi orí níwájú àwọn àgbà ìjọ lónìí, ó lè máà gbọ́ nípa ìpàdé ọdún 1890 yẹn rí, síbẹ̀ orin yẹn náà ló ń kọ.

Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tí wọ́n á fi gbọ́ ìdájọ́ yẹn ló wá ń ṣe bẹbẹ. Moses Orímóládé Túnọláṣẹ, ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó, kò kàwé. Arọ ni nígbà èwe rẹ̀, nígbà tó sì wá ń rìn pàápàá, ó ń tiro títí ó fi kú. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló gbéra láti Ìkàrẹ́, tó ń ti ìlú dé ìlú wàásù. Ó dé ilẹ̀ Kàbà, ó dé Lọ́kọ́ja, ó lọ síwájú dé àwọn ìlú Òkè Ọya, kó tó wá wọ Èkó lóṣù Keje ọdún 1924. Ẹni tó bá mọ òkè tó wà láàárín Àkókó àti Kàbà, kó fojú inú wo ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń tiro lórí rẹ̀ nígbà tí mọ́tò ò tíì wọ́pọ̀. Lóṣù Kẹfà ọdún 1925, wọ́n pè é wá gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan ní Èkó tó wà lójú ìran, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Arọ tí kò kàwé àti ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ! Bí ìjọ bá fi ojú tí àwọn kan fi ń yan alàgbà lónìí yàn wọ́n, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á jókòó sí. Ìtàn wọn náà ní ìjà tirẹ̀ o, àwọn méjèèjì pínyà lọ́dún 1929 lórí ọ̀rọ̀ ta ni aṣáájú. Àìpé ọmọ ènìyàn kò ṣàìsí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ àìtó, àwọn méjèèjì ti dáhùn.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣé kí olódo kàn dìde, kó ní òun ti tó ni?" Rárá o. Àìmọ̀wé kì í ṣe ẹ̀bùn ẹ̀mí. Crowther tí à ń yìn yìí, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay lọ́dún 1827, ó sì kọ́ èdè lórí èdè títí ó fi darúgbó. Ohun tó ń pa olórí ni pé ó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. "Èmi ò kàwé púpọ̀," ó lè jẹ́ òtítọ́. "Nítorí náà, n kò lè darí ènìyàn," ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èkíní, ó ní oògùn: àwọn àgbà ń kàwé lálẹ́, ọmọ ẹni tó wà ní ilé ìwé gíga lè ka lẹ́tà sínọ́ọ̀dù fún bàbá rẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Èkejì ni irọ́ tó fi ara pamọ́ sẹ́yìn òtítọ́. Mósè ní ẹnu òun wúwo, Ọlọ́run kò sì bá a jiyàn pé kò wúwo. Ó fi Áárónì tì í, ó ní kó máa lọ.

Àmì kan tún wà tí olórí lè fi mọ èyí tó ń bá a jà. Onírẹ̀lẹ̀ máa ń wo iṣẹ́: ta ló máa bẹ aláìsàn wò, ta ló máa kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹlẹ́rù máa ń wo ojú àwọn ènìyàn: kí ni wọ́n máa sọ, ta ló máa rẹ́rìn-ín. Onírẹ̀lẹ̀ máa ń béèrè ìrànlọ́wọ́, inú rẹ̀ sì máa ń dùn bí ọmọ tó kọ́ bá wàásù jù ú lọ. Ẹlẹ́rù kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olùṣọ́ ìjọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ yẹn, bó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù yìí, kò dìgbà tó bá lọ sórí òkè fún ogójì ọjọ́. Kó fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì yẹn ní Sọ́ńdè kan. Kó jókòó síwájú, kó gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá yìn ín lẹ́yìn ìsìn, kó bá wọn yìn ín. Inú rẹ̀ á ta díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kẹta, á rí i pé àga òun ṣì wà níbi tó wà.

Àwọn àgbà ìjọ náà ní iṣẹ́ tiwọn. Bí ẹni tí wọ́n pè bá mi orí tó ní òun ò tó, kí wọ́n má tètè pàtẹ́wọ́ fún ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì tètè yí ojú sí ẹlẹ́nu dídùn. Kí wọ́n bi í léèrè pé, "Kí ni ò tó?" Bó bá jẹ́ ìwé ni, kí wọ́n wá ẹni tó máa kọ́ ọ tàbí ẹni tó máa kà á fún un. Bó bá jẹ́ ìtàn ilé rẹ̀ ni, kí àgbà kan tó mọ ìtàn ilé gbogbo ènìyàn, títí kan tàwọn tó ń yangàn, fi í lọ́kàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu, kí wọ́n ní kó fi ẹnu Bùnú wàásù, ará Òkè-Bùkún kì í ṣe àlejò sí i. Bó bá sì jẹ́ pé ohun kan wà ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn, ìyẹn yàtọ̀. Kó sọ ọ́ fún àgbà kan ní ìdákọ́ńkọ́, kí wọ́n gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn pé lóòótọ́ ni kò tó, kí wọ́n sì jẹ́ kó lọ tún ilé rẹ̀ ṣe ná.